Ìyá àgbà tíṣà, bàbá àgbà tó wa èédú: níbo la ti lè rí ìtàn wọn?

Ìbéèrè

Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin òbí. Àwọn ọmọ mi ò yéé béèrè nípa àwọn tó bí bàbá wọn. Ìyá àgbà ṣe tíṣà ní àwọn abúlé tó yí Òṣogbo ká. Enugu ni ọkọ wọn ti ṣiṣẹ́, ní kùsà èédú, tí wọ́n á máa wálé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì ti di olóògbé. Àbúrò ìyá àgbà ṣì wà ní Òkè-Baálẹ̀, wọ́n ti lé ní 80 ọdún. Fọ́tò díẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wa, a ò mọ ọdún kankan. Ṣé sẹkitéríàtì Abẹ́rẹ́ ni ká rán èèyàn lọ? Manchester la wà.
Ìyá Tèmi

Ìdáhùn

Ìyá Tèmi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ fi Abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná. Oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ìwé àwọn tí ẹ ń wá sì ti dàgbà ju ìpínlẹ̀ náà lọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ ni ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ń wà, ìlú ìbí kọ́. Enugu ni kí ẹ ti wá ti bàbá. Ti ìyá wà lọ́wọ́ ìjọ tó ni ilé-ìwé àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ tó jókòó sí Ìbàdàn.

Ṣùgbọ́n ìyá Òkè-Baálẹ̀ ló ṣáájú gbogbo rẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí gan-an bó bá ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan wà lọ́dọ̀ wọn tó máa di fóònù mú, kó pa fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, kó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu wọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó lẹ́ẹ̀kan, kó má baà rẹ̀ wọ́n. Oríkì orílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ, kí wọ́n kì í tán láì dá wọn dúró, torí inú rẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀ wá kí wọ́n tó dé Òṣogbo. Lẹ́yìn náà kí wọ́n mú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dárúkọ àwọn èèyàn inú rẹ̀ láti ọwọ́ òsì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi wọ́n pé “ọdún wo ni?” Àgbà tó fẹ́ tẹ́ yín lọ́rùn á mú ọdún kan, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí òótọ́. Ohun tójú wọn rí ni kí ẹ fi béèrè. Ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá di tíṣà? Oṣù kìíní 1955 nìyẹn. Ṣé ọwọ́ òsì lọkọ̀ ṣì ń tọ̀ lójú títì nígbà tí wọ́n bí bàbá àwọn ọmọ? Oṣù kẹrin 1972 ni wọ́n yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n fi san owó orí ìyàwó, àbí náírà, tó dé ní oṣù kìíní 1973? Ìdáhùn méjì báyìí á sún ọdún náà mọ́ ara wọn.

Ní ti bàbá, ẹ béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe gan-an. Ẹni tó ń gé èédú lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ èédú lórí irin, ẹni tó ń fi òpó igi gbé òrùlé kùsà ró, àti akọ̀wé tó wà lókè, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé owó iṣẹ́ wọn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n wà ní kùsà Iva Valley, ní Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa oníṣẹ́ 21. Bí èyí bá ba àgbà nínú jẹ́, ẹ má tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ yẹn. Ọdún 1950 ni wọ́n dá àjọ èédú sílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ìjọba amúnisìn ló ni kùsà náà. Nílé ìkówèésí ìjọba àpapọ̀ (National Archives) ní Enugu, NIGCOAL ni orúkọ àkójọ ìwé èédú. Ogun Biafra tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 dá iṣẹ́ kùsà dúró, nítorí náà bí wọ́n bá ní bàbá sá wálé, ẹ wò ó ní àyíká ọdún yẹn. (Èédú Enugu yìí náà ni rélùwéè ń sun, títí kan ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Òṣogbo kọjá. Inú àwọn ọmọ á dùn láti gbọ́ ọ.)

Ti ìyá ṣòro díẹ̀, torí orúkọ tíṣà obìnrin máa ń yí padà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ ní láti mọ orúkọ bàbá wọn, orúkọ ìsàmì wọn àti ìjọ tí wọ́n ń lọ. Ìwé ìsàmì àti ìwé ìgbéyàwó wà lọ́wọ́ ìjọ. Ní ilé-ìwé, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ tí ọ̀gá tíṣà ń kọ ni kí ẹ bèèrè, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí tíṣà dé àti ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọ ló pààrọ̀ orúkọ lẹ́yìn tí ìjọba gbà wọ́n ní àwọn ọdún 1970, nítorí náà ẹ fi orúkọ abúlé wá a. National Archives ti Ìbàdàn wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Abẹ́ àkójọ ìwé Oshun Div (Oshun Division) àti Oyo Prof (Oyo Province) ni kí ẹ wò. Ìlú wa, Oshogbo ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà, orúkọ èèyàn náà sì lè gba ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú bébà kan.

Fọ́tò ńkọ́? Kí wọ́n fi sikánà ya á ní 600 dpi, iwájú àti ẹ̀yìn, torí òǹtẹ̀ ayàwòrán máa ń wà lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ WhatsApp ni wọ́n fi ránṣẹ́, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bí document, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dín kù, ojú èèyàn á ṣú.

Ẹni tí ẹ bá rán lọ sí Enugu tàbí Ìbàdàn, kó mú káàdì ìdánimọ̀ dání pẹ̀lú bébà orúkọ yẹn, kó sì kọ nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀ kó tó ya ojú ìwé kankan. Láìsí nọ́ńbà, ẹ ò ní lè padà bèèrè fáìlì náà mọ́.
Bàbá Ayọ̀, Houston