Ìbéèrè Yín: "Mo ti há dátábéèsì sórí, àmọ́ kò yé mi"

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èpé ni mò ń gbé, màmá mi ń ta ẹja lọ́jà Olúwo, èmi ni mò ń bá wọn kọ àwọn tó rajà àwìn sínú Excel. Accounting ni mo kà ní pólì, mo wá wọlé PGD kọ̀ǹpútà lọ́dún yìí. Kọ́ọ̀sì dátábéèsì, ìyẹn bí a ṣe ń to àkọsílẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ló ń dà mí láàmú. Mo lè ka 1NF, 2NF, 3NF, ìyẹn àwọn ìpele tí wọ́n fi ń to tábìlì dátà, láìwòwé, àmọ́ tí olùkọ́ bá ti gbé àpẹẹrẹ míì wá báyìí, gbogbo ẹ̀ á dàrú mọ́ mi lójú. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ coding ni? Àwọn kan tún ní láptọ́ọ̀pù mi ti kéré jù, RAM 4GB ni. Ọmọ Ẹlẹ́ja, Èpé.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ẹlẹ́ja, o kú iṣẹ́, o sì kú bó o ṣe ń ran màmá lọ́wọ́. Ti láptọ́ọ̀pù kọ́kọ́ ná: 4GB tó láti fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni PostgreSQL tí wọ́n fi ń ṣe dátábéèsì, á ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, SQLite tó jẹ́ irú ẹ̀ tiẹ̀ fúyẹ́ débi pé ó wà nínú fóònù Android. Má náwó kankan. Coding náà ò tíì kàn, SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, ni kó o máa fọwọ́ ara ẹ kọ lójoojúmọ́.

Há-há yẹn gan-an ni ìṣòro. Pa nóòtì dé, ṣí fáìlì Excel màmá ẹ. Mo mọ bó ṣe máa rí: déètì, orúkọ oníbàárà, fóònù ẹ̀, irú ẹja, iye apẹ̀rẹ̀, owó, gbogbo ẹ̀ lórí ìlà kan. Ká ní ìyá kan láti Ìkòròdú ti rajà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ibi mẹ́wàá ni fóònù ẹ̀ wà nìyẹn, tó bá wá pààrọ̀ láìnì, tó o tún méje ṣe tó o gbàgbé mẹ́ta, èwo ni wàá pè lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ gba gbèsè? Tó bá san gbèsè tán tó o pa àwọn ìlà ẹ̀ rẹ́, fóònù ẹ̀ ti bá a lọ. Ẹni tó sì fẹ́ forúkọ sílẹ̀ kó tó rajà, kò síbi tí wàá kọ ọ́ sí. Edgar Codd tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ló gbé ọ̀rọ̀ kíkó dátà sínú tábìlì yìí jáde lọ́dún 1970, àìsàn mẹ́ta tí mo kà yìí ló sì mú un dé orí 2NF àti 3NF lẹ́yìn náà.

Lórí kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, bi ara ẹ pé: ta ni èyí bá tan? Ká sọ pé nọ́ńbà rìsíìtì àti irú ẹja la fi ń dá ìlà kan mọ̀. Iye apẹ̀rẹ̀ bá àwọn méjèèjì tan, kó dúró síbẹ̀. Déètì ńkọ́? Rìsíìtì nìkan ló bá tan, kò kan ẹja, gbé e lọ sí tábìlì rìsíìtì, 2NF nìyẹn. Fóònù ńkọ́? Ó máa jọ pé ó bá rìsíìtì tan, àmọ́ oníbàárà ló ni ín, oníbàárà ló mú un wọlé bí ìyàwó ṣe ń mú àna wọlé. Gbé e lọ sí tábìlì oníbàárà, 3NF nìyẹn. Má sì fi orúkọ ṣe primary key, ìyẹn ohun tí a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀ o, torí Ìyá Ṣadé lè tó mẹ́ta lọ́jà kan ṣoṣo, nọ́ńbà ni kó o fún wọn.

Owó ẹja ni kó o fara balẹ̀ wò jù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbé e sí tábìlì ẹja torí ó jọ pé ẹja ló ni owó. Bẹ́ẹ̀ iye tí wọ́n ń ta àrọ̀ láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n ń tà á lọ́sàn-án, tó o bá yí owó yẹn padà lónìí, gbèsè àná ti yí padà nìyẹn, ìjà dé. Iye tí wọ́n ta ẹja yìí lórí rìsíìtì yìí, àwọn méjèèjì ló bá tan. Màmá ẹ mọ èyí ju olùkọ́ lọ, ẹ jókòó kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́. Accounting tó o kà náà ò ṣòfò, ẹni tó ti ṣe ledger rí, tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tiẹ̀, ti ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí kó tó mọ orúkọ ẹ̀.

Apá ìtọ́jú ẹ̀ ṣì ń bọ̀, ibẹ̀ ni PGD ti máa ń jinlẹ̀. Tí oníbàárà bá san owó, o máa kọ owó tó wọlé, o sì máa dín gbèsè ẹ̀ kù. Tí iná bá lọ láàárín méjèèjì ńkọ́? Transaction ló ń rí i pé méjèèjì ṣẹlẹ̀ tàbí kí ìkankan má ṣẹlẹ̀. Máa ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà tí wàá tọ́jú síbòmíì, kó o sì máa dá a padà wò, torí èmi fúnra mi ti ní backup tó kọ̀ tí ò ṣí lọ́jọ́ tí mo nílò ẹ̀, iṣẹ́ oṣù méjì lọ, ó dùn mí gan-an.

Tó o bá fẹ́ fi ọjà màmá ṣe project, mo fara mọ́ ọn pátápátá, àmọ́ má gbé nọ́ńbà fóònù àwọn èèyàn fún olùkọ́. Òfin ààbò dátà ilẹ̀ wa ti wà láti 2023. Pa àwọn nọ́ńbà tòótọ́ rẹ́, fi tàfọwọ́ṣe dípò.

Lọ́jọ́ Àìkú yìí, mú bébà, ya oníbàárà, rìsíìtì, ẹja àti owó sísan, fa ìlà tó so wọ́n pọ̀, lẹ́yìn náà kó o bi màmá pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí oníbàárà bá dá ẹja tó ti bàjẹ́ padà. Ibi tí bébà ẹ ò bá ti lè dáhùn, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.