Owó oníràwọ̀ rẹ: kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú rọ́bà yẹn

Àbúrò, o ní báǹkì san dọ́là kan míńtì fún ọ, o rí i pé ìràwọ̀ wà níparí nọ́ńbà rẹ̀, o sì ti fi í sínú álíbọ́ọ̀mù fọ́tò. O wá ń béèrè bóyá ó níye lórí. Kí n tó dá ọ lóhùn, jọ̀ọ́, yọ owó náà kúrò nínú rọ́bà yẹn. Fọ ọwọ́ rẹ, jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mú owó náà létí, kó o tẹ́ ẹ sáàárín ìwé funfun tó mọ́ títí wàá fi rí àpò gidi.

Ojú mi ló rí i ni mo ṣe ń pariwo. Mo ní owó arọ́pò, ìyẹn owó oníràwọ̀ bíi tìrẹ, mọ́kànlá nígbà kan, mẹ́fà nínú wọn tẹ̀léra ní nọ́ńbà, kò sí èyí tí wọ́n ná rí níbẹ̀. Álíbọ́ọ̀mù kan báyìí ni mo tò wọ́n sí, rọ́bà rẹ̀ rọ̀, ó ń dán, ó sì ń rùn bíi bàtà rọ́bà tuntun. Òórùn yẹn ni ì bá ti ta mí lólobó. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ọdún kẹta kí n tó ṣí i. Owó kò yọ mọ́. Èyí tó yọ ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n ta oyin sí i, nǹkan aláwọ̀ ewé sì ti hù sí igun méjì nínú wọn. Mo jókòó sílẹ̀, mo kàn ń wò wọ́n. PVC ni wọ́n fi ṣe rọ́bà náà. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ PVC kó lè rọ̀ máa ń sun jáde díẹ̀díẹ̀, pàápàá níbi tó bá gbóná, bébà owó á sì máa fà á mu.

Ká ní mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá sàn. Ọ̀gbẹ́ni kan tí gbogbo wa ń pè ní àgbà nínú iṣẹ́ yìí ló ní kí n fi omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ wọ́n, kí n fi ìwé méjì há wọn, kí n sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n. Mo gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Wọ́n tún rẹwà lójú mi. Mo fi márùn-ún ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń fún owó ní máàkì, mo sanwó, mo dúró fún oṣù mélòó kan. Ohun tí wọ́n kọ padà ni pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, ó parí. Mo kọ̀wé pé kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti rí i hàn mí, kí n lè kọ́gbọ́n. Wọ́n ní kí n lọ ka òfin wọn. Èèyàn á gba owó lọ́wọ́ rẹ, á wá máa fi ìmọ̀ ṣahun!

Èmi fúnra mi ni mo wá kọ́ ọ. Owó tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ bà jẹ́, yíǹkì rẹ̀ máa ń ga sókè díẹ̀. Bí o bá fi iná tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàá rí òjìji àwọn ìlà náà. Èyí tí wọ́n lọ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ sábà máa ń tàn fòò lábẹ́ iná UV tí wọ́n fi ń yẹ owó wò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta owó "UNC", ìyẹn owó tí wọn ò tíì ná rí, fún ọ tí kò jẹ́ kó o gbé e sábẹ́ iná, máa bá tìrẹ lọ. Máàkì bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 70, 60 ni UNC ti bẹ̀rẹ̀, ìlà kíká kan ṣoṣo láàárín sì ti tó láti já owó bọ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìlà náà kó lè pòórá, kò ní pòórá o.

Ó dáa, ìbéèrè rẹ. Nígbà tí bébà kan bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé, wọn kì í tún nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀, oníràwọ̀ ni wọ́n máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Láti 1910 ni Amẹ́ríkà ti ń ṣe é. Íńdíà náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2006. Lẹ́tà X ni Kánádà wá lò nígbà tó yá. Ìràwọ̀ nìkan kò sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Iye tí wọ́n tẹ̀ ni kó o wò. 3,200,000 ni owó tó wà nínú ìpele ìtẹ̀wé kan tó kún, irú ìyẹn pọ̀ lọ jàra. 640,000 sísàlẹ̀ ni àwa tí a ń kó o jọ máa ń wá. Ilé ìtẹ̀wé owó Amẹ́ríkà máa ń gbé iye tí wọ́n tẹ̀ lóṣooṣù síta, ọ̀fẹ́ ni.

Bó bá jẹ́ 2013 ló wà lójú rẹ̀, tí lẹ́tà B sì bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà náà, dákun má ná an. Ilé ìtẹ̀wé owó Amẹ́ríkà méjèèjì, ti Washington àti ti Fort Worth, ṣèèṣì tẹ àwọn nọ́ńbà oníràwọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ti Fort Worth ní FW kékeré lójú. Àwọn kan ń wá ìkejì nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ wọn lójú méjèèjì.

Àpò polyester ni kó o rà, èyí tí wọ́n ń pè ní Mylar. Ó le díẹ̀, ó mọ́ gaara, kì í rùn. Má fi sẹ́lótéèpù kan owó náà rárá. Kọ ọdún tó wà lójú rẹ̀ àti lẹ́tà àkọ́kọ́ nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́, sì sọ bóyá FW wà níbẹ̀, n ó bá ọ wo iye tí wọ́n tẹ̀.