Eèsún ń hù padà lórí ilẹ̀ àkùrọ̀ mi: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ra ilẹ̀ kan lẹ́bàá odò Àlà níbí ní Àkúrẹ́. Mo fẹ́ fi apá kan gbin ẹ̀fọ́, kí n gbẹ́ kòtò ẹja sí ìyókù. Koríko kan tó ga ju ènìyàn lọ ló bo ibẹ̀, ewé rẹ̀ ń ya ni lára. A ṣán an, a dáná sun ún, òjò díẹ̀ rọ̀, ó tún yọ. Irú koríko wo ni? Ṣé kí n ra oògùn apakoríko ni? — Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó ilẹ̀.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, ó jọ eèsún. Cenchrus purpureus ni àwa onímọ̀ ewéko ń pè é báyìí. Pennisetum purpureum lẹ máa rí nínú ìwé àtijọ́. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, kò sẹ́ni tó gbé e wá bá wa. Bí ìdí rẹ̀ bá ti múlẹ̀, ọdọọdún ló ń rú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí oògùn, ẹ ge igi rẹ̀ kan wò.

Igi eèsún rí roboto, ó ní oríkèé, inú rẹ̀ kò sì ṣófo. Ewé rẹ̀ lè gùn tó mítà kan. Bó bá yọ òdòdó, orí rẹ̀ á rí bí ìrù ológbò. Bí èyí tí ẹ gé bá ṣófo nínú, tí òdòdó rẹ̀ tú yẹ́úkẹ́, esùsú nìyẹn. Èyí tó ní igun mẹ́ta, tí kò ní oríkèé, làbẹ̀làbẹ̀ ni.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wò ó ni pé eèsún fẹ́ràn etí omi àti ilẹ̀ ọlọ́ràá tó tutù, àmọ́ kò fẹ́ kí omi dúró sí òun nídìí pẹ́. Esùsú àti làbẹ̀làbẹ̀ lè fara dà á. Nítorí náà, ibi tí eèsún bá ti pọ̀ jù ni kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí. Ibi tí làbẹ̀làbẹ̀ bá wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò fún kòtò ẹja. Koríko máa ń sòótọ́ nípa ilẹ̀ ju ẹni tó ta ilẹ̀ lọ.

Iná tí ẹ dá, ewé àti igi òkè ló jó, ìdí tó wà nínú ilẹ̀ kò fara gbá a. Èyí tí ẹ ṣán sílẹ̀ lákòókò òjò tún burú jù: oríkèé tó bá kan ilẹ̀ tútù lè ta gbòǹgbò. Ẹ ṣán ìdí kan, ẹ gbin mẹ́wàá! Irúgbìn rẹ̀ kì í sábàá hù, igi yẹn gan-an ló fi ń tàn.

Ẹ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ṣán an, ẹ kó igi rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fi ọkọ́ hú ìdí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dojú gbòǹgbò kọ oòrùn. Èyí tó bá tún yọrí nígbà àkọ́rọ̀ òjò, ẹ tètè hú u. Ẹni tó ń sin òyà tàbí ewúrẹ́ á bá yín kó ewé rẹ̀, pàápàá èyí tí kò tíì ju oṣù méjì lọ. Bó bá gbó, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣara lóore mọ́. Ní ti oògùn, èmi ò ní fọwọ́ sí i létí odò. Òjò á fọ̀ ọ́ sínú omi tí ẹ fẹ́ fi sin ẹja.

Èyí tó wà ní bèbè odò gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ló di ilẹ̀ yín mú nígbà tí omi bá kún. Ẹ̀gà á máa já ewé rẹ̀ fi kọ́ ìtẹ́, ariwo wọn á pọ̀, ẹ fara dà á. Ní Kẹ́ńyà, ńṣe ni wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín yí oko àgbàdo ká. Kòkòrò tó ń jẹ inú pòròpórò àgbàdo á lọ yé ẹyin sára eèsún. Bí ẹyin náà bá pa, ọmọ inú rẹ̀ á fẹ́ lu igi eèsún wọlé, oje eèsún á lẹ̀ mọ́ ọn lára, ọ̀pọ̀ á kú síbẹ̀.

Bí bèbè bá ti wó níbì kan, ẹ ge igi eèsún tó gbó, kí ó ní oríkèé mẹ́ta. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kì í bọ ilẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí oríkèé méjì wọlẹ̀, kí ọ̀kan wà lókè.