Kí Ló Ń Kó Eruku Wọ Yàrá Ẹ̀yìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà Ọ̀dà l'Ákùrẹ́ níbí ni mò ń gbé, yàrá ẹ̀yìn nìkan ni eruku ń bò nínú ilé wa, mo lè nu tábìlì láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ màá ti lè fi ìka kọ orúkọ sí i, bẹ́ẹ̀ mo máa ń ti wíńdò o. Ẹ gbà mí. Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, mo mọ bó ṣe ń sú èèyàn. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka ra eruku yẹn wò. Tó bá pupa tó sì ń rin ìka bí iyanrìn, títì tí wọn ò dá ọ̀dà sí ló ti ń wá, àmọ́ tó bá rí bí eérú tó ń ṣù pọ̀ bí òwú, inú yàrá yẹn náà ni, látara bẹ́ẹ̀dì, kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ tẹ́ ẹ kó jọ, àti awọ ara wa tó ń bó.

Wíńdò onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ yẹn, tẹ́ ẹ bá tì í náà, àlàfo ṣì máa ń wà. Ẹ pa fáànù, ẹ ká kọ́tìnnì kúrò pátápátá, ẹ wá gbé àbẹ́là sún mọ́ etí wíńdò nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ibi tí iná ẹ̀ bá ti ń mì, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Ẹ yẹ sílìn náà wò, ní pàtàkì ibi tí wáyà gbà wọlé. Ẹ fi fóòmù dí i, kẹ́ ẹ sì máa fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, torí ìgbálẹ̀ gbígbẹ kàn ń gbé eruku dìde ni.