Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ìwé-Ẹ̀rí Tíṣà Abúlé

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, nínú àpótí bàbá wa àgbà tó ti di olóògbé ni a ti rí ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ Gírèédì Tírì tí wọ́n gbà ní 1956, kí wọ́n tó lọ kọ́ni ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, kí ló sì dé tí ìwé náà kò sí mọ́?

Èsì: Ẹ kú ìtọ́jú àpótí náà. Ìwé yẹn ló gbé ilé-ìwé dé ọ̀pọ̀ abúlé wa. Ẹni tó bá ti yege Ìwé Mẹ́fà, tó sì ti kọ́ni díẹ̀, ni wọ́n ń mú wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún méjì kí ó tó gbà á. Bí ó bá tún kọ́ni sí i, ó lè padà wá fi ọdún méjì mìíràn gba Gírèédì Túù.

Àwọn míṣọ́n ló bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́. Ní 1859, CMS, ìyẹn míṣọ́n ìjọ Áńgílíkà, dá ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Rògbòdìyàn Ìfọ́lé ti 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn míṣọ́nnárì kúrò nílùú, lé e lọ sí Èkó, ó sì dé Ọ̀yọ́ ní 1896, níbi tó ti di St Andrew's College. Àwọn Onítẹ̀bọmi ṣí tiwọn ní 1897, Wesley College ti Ìbàdàn sì tẹ̀ lé e ní 1905. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ kì í ṣe tíṣà nìkan: láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó ń kọ́ ọmọ ní a, b, d, tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, òun náà ló ń wàásù, lọ́pọ̀ ìgbà nínú ilé kan náà, lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Oko ilé-ìwé sì ń dúró dè é, nítorí náà ni àwọn olùkọ́ kan ṣe ń gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn kún un ní Moor Plantation, ibùdó iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ní Ìbàdàn.

Ọdún tí ó ṣeé ṣe kí bàbá yín wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, 1955, gan-an ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi gòkè láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì nìkan ló lè sáré bá irú èrò bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí pé abúlé ló sábà máa ń gba olùkọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrú jù, ṣùgbọ́n tíṣà yẹn ń gbé láàárín wọn, ó sì mọ ọmọ tí wọ́n mú lọ sóko lọ́jọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, ìjọba pa Gírèédì Tírì àti Gírèédì Túù rẹ́, wọ́n sì fi NCE (Nigeria Certificate in Education), ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, ṣe ìwé tó kéré jù lọ tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní.

Bí ìwé nóòtù tí wọ́n fi ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ bá ṣì wà nínú àpótí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dà á nù.