Ìbéèrè Òǹkàwé: Òjé ń lẹ̀ mọ́ inú ìbọn mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Houston ni mo ń gbé. Ìbọn ìléwọ́ onísílíńdà, .38 Special, ni mo ń yìn ní pápá ìyìnbọn, èmi fúnra mi ni mo sì ń yọ́ òjé da ọta. Bí mo bá yìn tó 50, òjé á ti bo inú ọ̀pá ìbọn, ọta á wá máa ṣáko. Wọ́n ní kí n lo òjé tó le. Mo ra linotype, òjé líle tí àwọn atẹ̀wé fi ń dá lẹ́tà, ó tún burú sí i. Kí ni ṣíṣe?

ÌDÁHÙN: Líle òjé kọ́ ni ìṣòro yín. Ọta yín ni kò kún ọ̀nà tó ń gbà. Bí ẹ̀tù bá gbiná, èéfín gbígbóná á sá gba ẹ̀gbẹ́ ọta, á họ òjé lára rẹ̀, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Òjé tó rọ̀ díẹ̀ a máa fẹ̀ nídìí nígbà tí ẹ̀tù bá tì í, á dí àlàfo náà. Linotype, tó le tó 22 lórí òṣùwọ̀n Brinell, kì í fẹ̀ fún ẹ̀tù kékeré ti .38. Òjé bálánsì táyà, tó le bíi 12, tó yín.

Ẹ kó ọta kúrò nínú ìbọn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ tó tan iná wo inú ọ̀pá. Bí òjé bá wà nídìí ọ̀pá, lẹ́bàá sílíńdà, ìwọ̀n ọta ni. Bó bá jẹ́ níwájú, lẹ́nu ìbọn, ìda tí ẹ fi kun ọta ló ń tán lójú ọ̀nà.

Ẹ wá wọn ọ̀nà náà. Ẹ mú òjé rírọ̀ tí apẹja ń so mọ́ ìwọ̀, ẹ fi òróró pa á, ẹ fi igi gbá a gba inú ọ̀pá kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í wọ ihò iwájú sílíńdà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá wọlé, ihò sílíńdà kéré ju ọ̀pá lọ: òun ló ń fún ọta yín kó tó dé ọ̀pá, kò sì sí òjé tó lè wo èyí sàn. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni yóò fi rímà, irin tí wọ́n fi ń mú ihò fẹ̀, gbẹ́ ẹ dé íǹṣì 0.358. Ọta tó bá a mu kì í já bọ́ nínú ihò náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù tó láti tì í kọjá.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í yẹ̀ wò: ẹ fa ọta kan yọ nínú èyí tí ẹ ti dì, kí ẹ wọn ìdí rẹ̀. Bó bá wọlé ní 0.358 tó sì jáde ní 0.356, èèpo idẹ tí ẹ dì í mọ́ ló fún un. Ẹ lo irin ìlanu, èyí tí ẹ fi ń la ẹnu èèpo náà kí ọta tó wọ̀ ọ́, tó tóbi sí i.

Láti yọ èyí tó ti lẹ̀, ẹ wé kànìnkànìn bàbà mọ́ búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́, kí ẹ fi òróró fà á síwá sẹ́yìn. Òjé á máa jáde bí ìpẹ́ ẹja. Bí òòfà bá fà á, irin tí wọ́n fi bàbà kùn ni, ẹ má lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yin ọta oníbàbà láti fi tì í jáde, agbára inú ọ̀pá lè pọ̀ jù. Ẹ má sì po ọtí kíkan mọ́ hydrogen peroxide: ó ń sọ òjé di májèlé tó ń yòrò nínú omi. Ẹ di àkísà tí ẹ fi nù ún sínú ọ̀rá, níbi tọ́wọ́ ọmọdé kò ti ní tó o, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ.