Lymphocyte tó kéré nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní dermatomyositis

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Ẹ ní dermatomyositis ni wọ́n pè é, ìyẹn àrùn tí agbára ìgbèjà ara fi ń bá awọ àti iṣan ara fúnra rẹ̀ jà, pé lymphocyte rẹ̀ jẹ́ 0.7, àti pé nọ́ọ̀sì kan ti ń fura sí àrùn kògbóògùn. Àrùn kògbóògùn ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Kí wọ́n ṣe é, kí ọ̀rọ̀ tán.

Lymphocyte wà lára sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbèjà ara, ọ̀pọ̀ láàbù sì ka nǹkan bí 1.0 sí 4.0 (bílíọ̀nù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan) sí déédéé fún àgbàlagbà. Nínú dermatomyositis, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá àwọn ẹ̀yà lymphocyte tí wọ́n ń pè ní T CD8 àti NK. Apá kan àlàyé rẹ̀ ni pé wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wọ inú ẹran ara tí àrùn náà ń bà jẹ́. Ẹni tó dúró sí títì Ìdúmọ̀tà tó ń ka èrò kò lè mọ iye tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Èmi náà ní àrùn yìí. Múṣin ni mò ń gbé nígbà tí itan mi kọ̀ láti gbé mi wọ dánfó, tí kọ́ńdọ̀ ń ti mi láti ẹ̀yìn, tí èrò ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ń wé gèlè, apá mi á já wálẹ̀ kí n tó dé ìkọ́ kejì. Dókítà tí mo kọ́kọ́ bá rí i pé AST àti ALT mi, ẹ̀ǹsáìmù tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò, ga, ó bá pariwo ẹ̀dọ̀, ó fòfin de epo, ẹyin àti ẹran. Nígbà tí mo ní itan ló ń rọ̀ mí, ó bi mí pé ta ni dókítà nínú àwa méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, inú iṣan náà ni ẹ̀ǹsáìmù méjèèjì wà, bí iṣan bá sì ń bàjẹ́, wọ́n á tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí onímọ̀ àrùn oríkèé kan wá yẹ CK, ẹ̀ǹsáìmù iṣan, wò ni ojú wá là. Bí ẹnikẹ́ni bá pariwo ẹ̀dọ̀ fún àbúrò yín, ẹ béèrè CK àti GGT (ẹ̀ǹsáìmù ẹ̀dọ̀ tí kì í tú jáde láti inú iṣan), ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí ṣáájú, nítorí abẹ́rẹ́ inú iṣan lè gbé CK ga.

Ohun tó yẹ kí nọ́ọ̀sì yẹn béèrè ni bóyá àbúrò yín ti ń lo prednisolone, oògùn steroid tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn yìí, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Oògùn yẹn ń fa lymphocyte wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì ń gbé neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, ga, tí ẹlòmíràn á fi ní taifọ́ọ̀dù ni. Ẹ má torí èyí dá a dúró lójijì o. Ẹ má sì gba ìmọ̀ràn oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ní inclusion body myositis, àrùn iṣan mìíràn: CD8 tiwọn a máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ni, prednisolone kì í sì í sábà ràn wọ́n lọ́wọ́.

Bí àbúrò yín bá ń wú ikọ́ gbígbẹ, tàbí tó ń mí gúlegúle lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ klíníìkì. Ẹ béèrè àyẹ̀wò anti-MDA5 (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi irú dermatomyositis kan hàn) àti CT (àwòrán inú) àyà, nítorí nínú irú yẹn lymphocyte a máa kéré gan-an, ẹ̀dọ̀fóró sì lè bàjẹ́ kíákíá.